Orúkọ Tí Alhaji Ṣì Pè

Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kó lọ bi Ùmmùkùlsùmù ọmọ Alhaji Ọládipúpọ̀ tó ń gbé ní Settimo Torinese. Orí àtẹ̀gùn gan-an ni tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè nínú ilé wọn, tún dákú, tí Manana tó ń gbé àjà kẹta sì lọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù tó wúwo débi pé ẹni tó tà á kò bá a gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà.

Manana kì í ṣe ọmọ Itálì. Jọ́jíà ló ti wá, iṣẹ́ badante ló ń ṣe, ó ń tọ́jú màmá arúgbó kan. Odidi ọdún méjì ni Àìṣà, ìyá Ùmmù, fi gbà pé Jọ́jíà ti Amẹ́ríkà ni, tó ń ṣe kàyéfì pé kí ni ará Amẹ́ríkà ń wá ní Settimo, kí Manana tó fi máàpù hàn án pé ẹ̀yìn Tọ́kì ni ìlú tòun wà.

Ùmmù ń ti ibi iṣẹ́ àárọ̀ bọ̀ láti magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan. Ó bá Manana lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, àánú rẹ̀ ṣe é, ó gbá ẹ̀rọ náà mú lápá kan, ó gbé e.

"Yéè!"

"Ẹ rọra o," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí apá ibi tó wúwo."

Ó yíjú. Ọmọkùnrin kan ni, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ga, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "E tu come fai a sapere che sono yoruba?" ni Ùmmù fi dá a lóhùn, nítorí Italiano ló máa ń yá lẹ́nu rẹ̀ bí àyà rẹ̀ bá já.

"Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ pé Yorùbá ni yín? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ké yéè ni. Ọmọ Itálì kì í ké yéè."

Jùnáídù lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ nítòsí Vicenza ló ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ládé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà, ló wá kí. Òun lápá kan, Ùmmù lápá kejì, Manana níwájú tó ń pàṣẹ pé piano, piano, ìyẹn ni pé kí wọ́n rọra, wọ́n ń gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àjà kejì, níwájú ilé Alhaji gan-an, wọ́n dúró sinmi, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin. Ùmmù ló kọ́kọ́ gbé ojú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ara ògiri lòun ń wò. Irọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọ ilé, Manana po tíì fún wọn, ó fi ọwọ́ lu ẹ̀rọ náà. "Irú èyí ló bẹ̀rẹ̀ tíátà ìlú wa," ó wí ní Italiano. "Ìlú kékeré ni, ẹ̀bá òkè. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Vano ló kó àwọn ọ̀dọ́ jọ pé kí àwọn máa ṣeré. Kò sẹ́ni tó mọ eré ṣe nínú wọn. Wọn ò ní gbọ̀ngàn, inú ilé tí wọ́n ń kó wáìnì sí ni wọ́n lò. Wọn ò sì jẹ́ kí obìnrin gun orí ìtàgé, ọkùnrin onírùngbọ̀n ló ń wé ìborùn ṣe ìyàwó."

Ùmmù bú sẹ́rìn-ín. Jùnáídù náà rẹ́rìn-ín.

"Keto, aránṣọ, ló ń fi aṣọ ibùsùn rán aṣọ ìkélé fún wọn. Bó ṣe ń ránṣọ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ eré, títí ó fi mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Lọ́jọ́ eré, onírùngbọ̀n mutí yó, kò lè dìde. Ni Keto bá bọ́ síta láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Ùmmù béèrè.

"Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dìde, inú ń bí i. Vano bá kúnlẹ̀ lójú gbogbo ìlú, ó ní kó fi Keto fún òun."

"Ṣé ó fún un?"

"Ìyá ìyá-ìyá mi ni Keto," Manana wí. "Ìwọ náà rò ó wò."

Jùnáídù gbé ife tíì sílẹ̀. Ó ní, "Eléyìí máa dùn ní Yorùbá o."

Bí Ẹgbẹ́ Eléré Orí Àtẹ̀gùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ènìyàn mẹ́fà péré ni wọ́n, àwọn tó ń kó ẹrù ní magazzino àti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Yàrá tí àwọn arúgbó àdúgbò ti ń ta káàdì ni wọ́n ń lò lọ́jọọjọ́ Sunday. Jùnáídù kọ ọ̀rọ̀ eré náà, òun ni Vano. Bọ́ládé ni bàbá Keto. Wọ́n wá ń wá Keto, ojú gbogbo wọn sì wà lára Ùmmù.

Ní ilé Alhaji, ọ̀rọ̀ di ariwo.

"Eré kẹ̀?" Alhaji Ọládipúpọ̀ bọ́ fìlà lórí. "Mo wa muletto, ọkọ̀ agbẹ́rù, fún ọdún méjìlélógún lórílẹ̀-èdè yìí kí ọmọ mi lè wá di alárìnjó?"

"Papà, dai, è solo teatro!" Ùmmù ní eré lásán ni.

"Èdè wo lo fi ń dá mi lóhùn?"

Ìyà tó ń jẹ Alhaji jù nìyẹn. Bó bá bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá, Italiano ló máa fi dáhùn. Bó bá bínú, Italiano. Bó bá bẹ̀ ẹ́, Italiano. Àìṣà tó ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì ló wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè wọlé. "Bàbá Ùmmù, Yorùbá ni wọ́n máa fi ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Ìwé ọ̀rọ̀ náà nípọn báyìí. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọmọ yín kò gbọ́ èdè."

Alhaji dé fìlà padà. Ó ní òun yóò gbà, àmọ́ ohun mẹ́ta kò gbọdọ̀ yẹ̀: ìborùn kò gbọdọ̀ kúrò lórí ọmọ òun, ọwọ́ ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ kàn án, òun fúnra òun yóò sì máa jókòó síbẹ̀ láti fojú ara òun rí i.

Ti ìborùn kò le, Manana ní Keto náà a máa wé e. Ti ọwọ́ ló fẹ́ da eré rú, nítorí ibì kan wà tí Vano ti gbọdọ̀ fa Keto lọ́wọ́ wá síwájú bàbá rẹ̀. Jùnáídù ló ronú kan tẹ́ẹ̀pù tí aránṣọ fi ń wọn aṣọ. Keto yóò di eteetí kan mú, Vano yóò di èkejì.

"Báwo ló ṣe gùn tó?" Alhaji béèrè láti orí àga rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

"Mítà kan àtààbọ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ máa bá a lọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọkùnrin gbọ́n o. Ní oṣù kejìlá, mítà kan àtààbọ̀ ni tẹ́ẹ̀pù náà. Ní oṣù kìíní, Ùmmù ṣàkíyèsí pé Jùnáídù máa ń ká a mọ́ ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kejì, ó ti ń ká a lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti súnmọ́ ọn débi pé Ùmmù ń gbọ́ òórùn ọṣẹ tó fi ń fọ ọwọ́ rẹ̀ láti lé òórùn awọ lọ. Ùmmù náà ń ká a lápá tirẹ̀.

"Jùnáídù!" Alhaji pariwo lọ́jọ́ kan. "Tú tẹ́ẹ̀pù yẹn! Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ òǹkà!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Bọ́ládé. Bọ́ládé yìí, ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ kò lè há ọ̀rọ̀ sórí. Ilé ìtọ́jú arúgbó ló máa ń ti wá tààrà, oorun sì máa ń wà lójú rẹ̀. Bó bá ti dúró tó ń wòkè, Alhaji á sọ ohun tó kàn fún un láti kọ̀rọ̀, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ò fẹ́ràn eré o, òun kàn fẹ́ kí wọ́n tètè parí káwọn lè máa lọ sílé ni. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tí Alhaji kò mọ̀ sórí nínú eré náà.

Lóṣù náà ni Ààfáà Ashraf ti ilé ìkírun Torino wá wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí bàbá Keto ti fi ọmọ fún Vano, Ààfáà gbọ́wọ́ sókè.

"Ọ̀rọ̀ kékeré kan. Ohun mẹ́ta wà tí eré wọn kì í ṣe eré nínú ẹ̀sìn wa: ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, àti gbígba ìyàwó padà. Ẹ dúpẹ́ pé Bọ́ládé ló ń ṣe bàbá, orúkọ àwọn ará Jọ́jíà lẹ sì ń pè. Bó bá jẹ́ bàbá ọmọ gan-an ló sọ pé òun fi í fún ọkùnrin lójú àwọn ẹlẹ́rìí, tí ọkùnrin náà dáhùn pé òun gbà, ẹ má wá sọ fún mi pé eré lẹ ń ṣe. Yìgì ti so nìyẹn. Ẹyin lohùn o."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," Alhaji wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ùmmù láyà. Lálẹ́ kọ́, ní ọ̀sán gangan ọjọ́ náà, ó sin Jùnáídù dé stazione, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú báàgì ọjà. Wákàtí mẹ́rin ni Jùnáídù máa ń lò nínú treno láti Vicenza wá, mẹ́rin láti padà, lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti bá Ùmmù sọ láti oṣù márùn-ún, inú ìwé eré ló wà. Kò tíì sọ ọ̀kan lẹ́yìn ìwé.

"Jùnáídù, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ ná?" ó béèrè. "Èmi ni àbí Keto?"

Ó wò ó. "Mi ò tíì rí Keto rí láyé mi," ó wí. "Ojú irin yìí kò jẹ́ ti Keto. Nítorí ẹni tó ké yéè ni mo ṣe ń wọ treno. Mo fẹ́ràn rẹ, Ùmmù. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo ń fi ẹnu Vano sọ ọ́."

Treno dé. Inú Ùmmù dùn débi pé ó gbàgbé pé ìyá òun wà lẹ́yìn. "Ó tó gẹ́ẹ́," Àìṣà wí. "Ẹ wá alárinà, kẹ́ ẹ yéé ká tẹ́ẹ̀pù kiri."

Alárinà wo ni wọ́n máa rí tó ju Manana lọ? Ó fi oyin àti àsálà ṣe àkàrà òyìnbó ìlú wọn, ó wọ aṣọ dúdú, ó sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta sí ìkejì. Alhaji kọ́kọ́ bi í bóyá ọtí wà nínú àkàrà náà. Ó ní kò sí. Alhaji jẹ ẹyọ mẹ́ta, ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ parí, ó nu ẹnu, ó ní rárá.

Ùmmù tó wà ní ilé ìdáná gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kì í ṣe pé ọmọ náà kò níwà," Alhaji ń wí. "Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ awọ, iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ mo ti ń wò ó láti oṣù kejìlá. Bí ìwé bá ní kó sunkún, á sunkún. Bó bá ní ìfẹ́ ń pa òun, èmi tí mo jókòó ní kọ̀rọ̀, mo gbà á gbọ́. Ẹni tó mọ irọ́ ìfẹ́ pa tó bẹ́ẹ̀ lójú ayé, báwo ni n ó ṣe mọ ọjọ́ tó bá ń sọ òótọ́ fún ọmọ mi? Mo ti fọwọ́ sí eré náà, mi ò ní yẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n ṣe é lóṣù karùn-ún. Bí aṣọ ìkélé bá ti bọ́ sílẹ̀, ó parí láàrin wọn."

Ùmmù jókòó sórí àpótí. Ohun tó dùn ún jù ni pé ìbéèrè bàbá rẹ̀ ni ìbéèrè tirẹ̀ náà. Jùnáídù ti dá a lóhùn ní stazione, ó sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ṣé òun náà kì í gba Vano gbọ́ ni?

Ọjọ́ eré pé. Ọgọ́fà ènìyàn ló wá, àwọn kan láti Torino, àwọn kan láti Padua pàápàá. Aṣọ ìkélé Manana funfun, aṣọ ibùsùn mẹ́rin ló fi rán an, ó lẹ́wà. Alhaji wà níwájú pátápátá, Ààfáà Ashraf lápá ọ̀tún rẹ̀, Àìṣà lápá òsì. Ùmmù ń wò wọ́n láti ihò aṣọ ìkélé, ó ń rò ó pé wákàtí méjì péré ló kù fún òun pẹ̀lú Jùnáídù.

Eré lọ dáadáa. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí onírùngbọ̀n tó wé ìborùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ nígbà tí Keto bọ́ síta. Ó wá kan ìparí. Vano àti Keto di tẹ́ẹ̀pù mú, odidi mítà kan àtààbọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Bọ́ládé.

Bọ́ládé wòkè. Ó wo ilẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ti sálọ.

Alhaji kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó kàn fún un jẹ́jẹ́. Bọ́ládé kò gbọ́. Ó tún un sọ, kò gbọ́. Eré tí Alhaji fi oṣù mẹ́fà jókòó tì fẹ́ bàjẹ́ lójú ọgọ́fà ènìyàn. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó fò dìde, ó nàka, ó ké e jáde láti inú ikùn:

"Mo fi ọmọ mi, Ùmmùkùlsùmù, fún ọ, ìwọ Jùnáídù! Ṣé o gbà á?"

"Sùbùhánallàhi!" Ààfáà Ashraf di orí mú.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Alhaji ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Kò lè jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú. Ùmmù wo Jùnáídù. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù: Mo gbà. Inú ìwé eré ló wà, òun ló kàn láti sọ. Bó bá sọ ọ́, yìgì ti so, kò sí ẹni tó lè tú u, bàbá òun gan-an kò lè tú u. Sọ ọ́, ni ọkàn rẹ̀ ń wí. Sọ ọ́, jọ̀ọ́.

Jùnáídù la ẹnu. Ó pa á dé.

Omi lé sí Ùmmù lójú. Kò fẹ́ mi. Keto ló fẹ́.

Jùnáídù rọra gbé eteetí tẹ́ẹ̀pù tirẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtàgé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhaji.

"Bàbá," ó wí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́, "ẹ ṣi orúkọ pè. Keto ni. Vano ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún wa."

Alhaji wò ó nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Keto," ó wí níkẹyìn. "Mo ní Keto. Mo fi Keto fún Vano."

Jùnáídù dìde, ó padà sórí ìtàgé, ó mú tẹ́ẹ̀pù. "Mo gbà," ni Vano wí. Ilé búgbàù, àtẹ́wọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já òrùlé. Manana ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò gbọ́ Yorùbá, ó rò pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Nígbà tí èrò ti lọ, Ùmmù wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń ká aṣọ, ó ń nu ojú. Ó gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń tò jọ. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀.

"Jùnáídù, wá níbí. Ṣé o gbàgbé ọ̀rọ̀ Ààfáà ni?"

"Mi ò gbàgbé, Bàbá."

"O mọ̀ pé bó o bá dáhùn, ó parí?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì fẹ́ràn ọmọ mi."

"Ju bí mo ṣe lè sọ lọ."

"Kí ló wá dé tó ò fi dáhùn, ìwọ ọmọ yìí?" Alhaji fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú.

Jùnáídù gbé àga kan lé òmíràn kó tó fèsì. "Bàbá, ohun tí n bá gbà lọ́wọ́ yín, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ fún mi."

Ùmmù fi aṣọ ìkélé bo ẹnu. Ẹkún tó ń sun tẹ́lẹ̀ yípadà, ó di ẹ̀rín, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Alhaji mí kanlẹ̀. "Orúkọ Keto yẹn," ó wí, "kò dúró sí mi lẹ́nu rí. Láti oṣù kejìlá tí mo ti ń há ọ̀rọ̀ yẹn sórí, orúkọ ọmọ mi ni mò ń fi sí i. Mo rò pé ọjọ́ orí ni." Ó gbé àga tó kàn. "Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kó àwọn ènìyàn rẹ wá kí mi. Má gbé tẹ́ẹ̀pù kankan dání o."

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n so yìgì, nínú ilé ìkírun ní Torino. Àbúrò bàbá Jùnáídù wá láti Udine. Àwọn obìnrin jókòó sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé kan, Ùmmù wà láàrin ìyá rẹ̀ àti Manana tó fi ìborùn dúdú wérí, tó gbé àkàrà oyin rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ààfáà Ashraf kéwú, ó ṣàdúà, ó béèrè sàdáàkì, wọ́n san án. Ó wá yíjú sí bàbá ìyàwó.

"Alhaji, ẹ̀yin ló kàn."

Alhaji Ọládipúpọ̀ gbé ojú sókè. "Mo fi ọmọ mi..." ó wí, ó sì dúró.

Wọ́n dúró dè é. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ ènìyàn mẹ́fà sórí láti kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló wá pòórá. Bọ́ládé tó jókòó létí ìlẹ̀kùn wolẹ̀ nítorí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ni ohùn kan bá jáde jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, Yorùbá tó mọ́ gaara, àmì ohùn kọ̀ọ̀kan sì wà níbi tó yẹ kó wà:

"Bàbá mi, 'Mo fi ọmọ mi, Ùmmùkùlsùmù, fún ọ.' Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa wí."

Omi bọ́ lójú Alhaji, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́, ìyá mi," ó dá a lóhùn. "Mo ti gbọ́ ọ." Ó nu ojú, ó kọjú sí ọkọ ìyàwó, ó sọ ọ́ tán láìdúró, orúkọ méjèèjì pé.

"Mo gbà!" Jùnáídù kígbe, ó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Manana mọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ó ti gbọ́ wọn lóṣù karùn-ún. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, òun nìkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.